Kí Fọ́tò Jọ Ẹni Tó Ni Ín: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Àtúnṣe Àwòrán ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Afijió

Ayẹyẹ wo ló kù ní Fìdítì tàbí ní Ìlọra tí kò ní fọ́tò nínú? Bí wọ́n bá fẹ́ sìnkú àgbà, bánà ńlá ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Bí wọ́n bá ń ṣègbéyàwó, àlejò kì í fẹ́ lọ sílé láìmú kàlẹ́ńdà dání. Ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò WAEC nílò pásípọ́ọ̀tì, ẹni tó fẹ́ gba físà nílò tirẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìrántí ọdún nílò pọ́sítà. Ìdí nìyí tí ṣọ́ọ̀bù àwọn ayàwòrán fi wà káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ Afijió, láti Jọ́bẹ̀lẹ̀ tó jẹ́ olú ìlú rẹ̀ dé Awẹ́, Akínmọ̀ọ́rìn àti Ìlú-Ajé. Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni wọ́n ti sábà máa ń ya fọ́tò, tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkópì, tí wọ́n ti ń tẹ ìwé, tí wọ́n sì ti ń fi ọ̀rá bo sàtífíkéètì.

Ẹ wá wo ohun tó ń jáde níbẹ̀ nígbà mìíràn. Ojú ìyá àgbà fọ́ wẹ́wẹ́ lórí bánà. Gèlè tó jẹ́ búlúù lójú kọ̀ǹpútà di elése àlùkò nínú kàlẹ́ńdà. Ọkọ ìyàwó tó jẹ́ adúmáadán di ẹni pupa. Àwọn ẹbí á wò ó títí, wọ́n á mi orí, wọ́n á sì gbà á bẹ́ẹ̀ nítorí ọjọ́ ti pé.

Kámẹ́rà ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dá lẹ́bi. Èmi gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò látòkè délẹ̀, ohun mẹ́ta ni mo rí tó ń ba fọ́tò jẹ́ lọ́dọ̀ wa ju kámẹ́rà lọ: fáìlì tó ti súnkì kí ó tó dé ọwọ́ oníṣẹ́, ètò àwọ̀ tí a yàn láìmọ ibi tí fọ́tò ń lọ, àti àtúnṣe tó ń pa ojú onífọ́tò dà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣeé yẹra fún láìra ẹ̀rọ tuntun kankan. A máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí àtúnṣe fọ́tò ti ṣẹ̀ wá.

Àtúnṣe ti pẹ́ ju kọ̀ǹpútà lọ

Àwọn kan gbà pé ìgbà tí kọ̀ǹpútà dé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún fọ́tò ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí fọ́tò dúdú àti funfun ṣì ń jọba, ọ̀gá sítúdíò máa ń fi pẹ́ńsù olórí ṣónṣó kun ojú nẹ́gétíìfù kí àbàwọ́n lè pòórá. Nínú dáàkùrúùmù, á fi ọwọ́ ṣíji bo apá kan bébà kí ìmọ́lẹ̀ má baà pọ̀ jù níbẹ̀, á sì jẹ́ kí apá kejì gba ìmọ́lẹ̀ sí i. Àwọn bọ́tìnnì tó ń mú ibi kan mọ́lẹ̀ tàbí ṣókùnkùn nínú Photoshop lónìí, iṣẹ́ ọwọ́ yẹn gan-an ni wọ́n fara wé.

Òyìnbó ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, ṣèwádìí lórí iṣẹ́ fọ́tò láàrin àwa Yorùbá ní àwọn ọdún 1970, pàápàá ní Ìlá Ọ̀ràngún. Ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn African Arts ní 1978. Ohun tó rí nípa ìbejì yẹ ká rántí. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ayàwòrán á ya èyí tó wà láàyè, á tẹ àwòrán náà lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, tí ìbejì méjèèjì yóò fi jókòó ti ara wọn. Bí ó bá jẹ́ takọtabo ni wọ́n, á ya ọmọ náà nínú aṣọ ọkùnrin, á tún yà á nínú aṣọ obìnrin. Ìtúnṣe ńlá nìyẹn, tí gbogbo ẹbí mọ̀ sí, tí wọ́n sì fọwọ́ sí. Wọ́n fi bu ọlá fún ẹni tó lọ ni, wọn ò fi tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Ní òkè òkun, Russell Kirsch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ sọ fọ́tò di nọ́ńbà ní 1957. Àwòrán ọmọ rẹ̀ jòjòló ni, píksẹ́lì 176 ní ìbú, 176 ní òró. Ní 1975, Steven Sasson tó ń ṣiṣẹ́ ní Kodak ṣe kámẹ́rà dígítà àkọ́kọ́. 100 sí 100 péré ni píksẹ́lì rẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 23 ló sì fi ń kọ àwòrán kan sínú kásẹ́ẹ̀tì. Photoshop jáde ní 1990. Fóònù tó wà lápò ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Ìlọra báyìí ń ya píksẹ́lì mílíọ̀nù 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun èlò ti dé. Ìmọ̀ bí a ṣe ń lò ó ló yẹ kó tẹ̀ lé e.

Píksẹ́lì mélòó ni fọ́tò yín ní?

Fọ́tò inú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà kò ní íńṣì. Píksẹ́lì ló ní, ìyẹn àwọn ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tí wọ́n tò jọ ní ìbú àti ní òró. Ìgbà tí a bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ni íńṣì ń wọ ọ̀rọ̀, ìbéèrè ibẹ̀ kò sì ju ọ̀kan lọ: píksẹ́lì mélòó ni a máa kó sínú íńṣì kan?

Fún fọ́tò tí èèyàn máa dì mú lọ́wọ́ wò, 300 ni àwọn oníṣẹ́ ń lò, nítorí pé ní ìwọ̀n ibi tí ìwé máa ń wà sí ojú, ojú wa kò lè ya àwọn ẹyọ náà sọ́tọ̀ mọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, fọ́tò 4 sí 6 íńṣì nílò píksẹ́lì 1200 sí 1800. Fọ́tò 8 sí 10 nílò 2400 sí 3000. Èyí tí wọ́n máa gbé kọ́ sára ògiri pálọ̀, tó jẹ́ 16 sí 20, lè lo 150 sí íńṣì kan nítorí pé òkèèrè ni a ti ń wò ó. 2400 sí 3000 náà ló sì máa gbà.

Ẹ jẹ́ ká fi fóònù wé e. Fóònù mílíọ̀nù 12 sábà máa ń ya àwòrán tó jẹ́ 4000 sí 3000. Bí a bá tẹ ẹ́ sí 16 sí 20, ó ṣì kù tó 187 sí íńṣì kan. Á dára, á mọ́ kedere. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ìyá àgbà orí bánà yẹn bá fi WhatsApp gbé e ránṣẹ́ láti Èkó sí ayàwòrán ní Fìdítì láìyan ohunkóhun, WhatsApp á ti fún un pọ̀ kí ó tó gbéra. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó gùn jù á wá sí bíi 1600. Fọ́tò tó jẹ́ 4000 sí 3000 di 1600 sí 1200. Lórí 16 sí 20, 75 péré ló kù sí íńṣì kan. Ní bánà tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 4, èyí tí ó jẹ́ íńṣì 72 sí 48, 22 péré ni. Ibẹ̀ ni ojú ìyá àgbà ti fọ́. Fáìlì ìpìlẹ̀ tó wà lórí fóònù tó ya fọ́tò náà ì bá fún bánà yìí ní bíi 55 sí íńṣì kan, ìyẹn sì tó fún ohun tí èèyàn máa wò láti òdìkejì títì.

Èyí tó burú jù ni kí ẹni náà lọ sórí Facebook, kó ya ojú fóònù rẹ̀, kó sì fi ìyẹn ránṣẹ́. Fọ́tò tí wọ́n ti fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n tún fún pọ̀, tí wọ́n tún gé, tí wọ́n tún fún pọ̀ nígbà tó ń bọ̀.

Ọ̀nà àbáyọ kò nira. Láti 2023 ni WhatsApp ti fi àyè HD sí i, èyí tí ó sàn ju ti tẹ́lẹ̀. Èyí tí ó dára jù ni kí a fi fọ́tò náà ránṣẹ́ bíi Document, nítorí pé bó ṣe wà ní ìpìlẹ̀ ló máa dé. Bí ayàwòrán bá kọ ìlànà yìí sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó sì ń fi í ránṣẹ́ sí oníbàárà kó tó gba iṣẹ́, ìdajì àríyànjiyàn ọjọ́ ìsìnkú ló ti yanjú.

Àṣà kan tún wà tó yẹ ká fòpin sí. Oníṣẹ́ á ṣí fáìlì kékeré nínú Photoshop, á rí 72 níbi tí wọ́n kọ Resolution sí, á yí i sí 300, á sì gbà pé òun ti tún un ṣe. Bí kò bá jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fi píksẹ́lì kún un, kò sí ohun tó yí padà ju íńṣì tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Bí ó bá sì jẹ́ kó fi kún un, kọ̀ǹpútà á wo píksẹ́lì méjì tó wà nítòsí ara wọn, á sì hùmọ̀ èyí tó máa wà láàrin. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bu omi sí ọbẹ̀: ọbẹ̀ náà á pọ̀, àmọ́ ẹran inú rẹ̀ kò lé sí i.

Bí a ṣe ń tún un ṣe, ní ẹsẹẹsẹ

Ẹ̀dà ni a máa ń fọwọ́ kàn. Fáìlì ìpìlẹ̀ kì í kúrò nínú fódà rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé JPEG, irú fáìlì tí fóònù àti kámẹ́rà ń lò jù, máa ń pàdánù díẹ̀ nínú àwòrán nígbàkígbà tí a bá tún un ṣe tí a sì tún un fi pamọ́. Bí iṣẹ́ bá máa gba ọjọ́ púpọ̀, PSD tàbí TIFF ni ká fi pamọ́, kí a wá yọ JPEG jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níkẹyìn.

Lẹ́yìn náà ni kí a na fọ́tò tó wọ́ tọ́, kí a sì gé ohun tí kò yẹ kúrò. Ẹ ṣọ́ra nípa gígé o. Bí a bá gé ojú ẹnì kan ṣoṣo jáde nínú fọ́tò tí èèyàn mẹ́wàá dúró sí, tí ibi tí a gé náà sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ìbú rẹ̀, 4000 ti di 1000, kò sì lè kọjá íńṣì 3 àti díẹ̀ lórí bébà.

Ìmọ́lẹ̀ ló kàn. Ọ̀pọ̀ ètò àtúnṣe ló ní àtẹ kan tó ń fi hàn bí dúdú àti mímọ́ ṣe pọ̀ tó, láti 0 tó dúdú pátápátá dé 255 tó funfun pátápátá. Ẹ wo àtẹ yìí nígbà ọyẹ́. Eruku tó wà nínú afẹ́fẹ́ máa ń mú kí ohun gbogbo gún jọ sí àárín, kò ní sí dúdú gidi, kò ní sí funfun gidi, fọ́tò á kàn rí pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́. Bí a bá fa ìbẹ̀rẹ̀ àtẹ náà wá síbi tí àwòrán ti bẹ̀rẹ̀, tí a sì fa òpin rẹ̀ wá síbi tó parí sí, ojú á là. Kò gbà ju kí a fa ibi méjì lọ.

Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ló tẹ̀ lé e, ohun tí wọ́n ń pè ní white balance. Ibi tó ti ń yọ ayàwòrán Afijió lẹ́nu jù ni abẹ́ kánópì. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn á gba inú tapólì búlúù kọjá, á sì dé ojú àlejò ní búlúù. Ojú ènìyàn máa ń bá irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ mu láìmọ̀, ṣùgbọ́n kámẹ́rà á kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí. Ẹ fi atọ́ka kan sára agbádá funfun ẹnì kan nínú fọ́tò náà. Bí nọ́ńbà ibẹ̀ bá jẹ́ pupa 170, ewé 190, búlúù 225, ẹ̀rí ti dé nìyẹn: funfun tí kò gba àwọ̀ míì mọ́ra gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó sún mọ́ ara wọn. Ẹ tẹ irinṣẹ́ tó ń mú funfun lórí agbádá yẹn, búlúù á rọlẹ̀, pupa á gòkè, ojú gbogbo àlejò á sì padà sí bó ṣe rí gan-an. Gílóòbù aláwọ̀ òféfèé ńkọ́? Ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ á pọ́n, ọ̀nà kan náà la fi ń tún un ṣe. Èyí tó le ni ibi tí kánópì búlúù, gílóòbù àti oòrùn bá pàdé lójú ẹnì kan. Níbẹ̀, kí ayàwòrán bẹ onítọ̀hún kó bọ́ síta díẹ̀ sàn ju wákàtí kan nídìí kọ̀ǹpútà lọ.

Ohun tó máa ń gbẹ̀yìn ni mímú etí àwòrán mú ṣáṣá. Lẹ́yìn tí a bá ti mọ ìwọ̀n tí a máa tẹ̀ ẹ́ sí ni ká tó ṣe é, nítorí pé èyí tó tó fún bánà á pọ̀ jù fún pásípọ́ọ̀tì. Fọ́tò tí ọwọ́ gbọ̀n nígbà tí wọ́n ń yà á, tàbí tí kámẹ́rà wo ibòmíràn, kò sí bọ́tìnnì tó lè là á lójú dáadáa.

Awọ ara wa

Ọ̀rọ̀ yìí ló sún mọ́ mi lọ́kàn jù. Ẹ̀rọ fọ́tò tí a jogún, kò sí nínú ìrònú àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é pé awọ dúdú ni wọ́n máa fi yà. Láti àwọn ọdún 1950 ni Kodak ti ń fún àwọn ilé ìfọfọ́tò ní káàdì tí wọ́n fi ń ṣàyẹ̀wò àwọ̀, tí wọ́n ń pè ní Shirley nítorí obìnrin tó kọ́kọ́ wà lórí rẹ̀. Òyìnbó funfun ni obìnrin yẹn. Bí awọ rẹ̀ bá ti dára, wọ́n gbà pé ẹ̀rọ ti dára, bí awọ tiwa tilẹ̀ di òkùnkùn tí ojú àti eyín nìkan ń hàn nínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn oníṣòwò àga onígi àti ṣokoléètì ráhùn pé àwọ̀ ọjà àwọn kò hàn dáadáa ni Kodak tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún fíìmù rẹ̀ ṣe sí i. Ó di àwọn ọdún 1990 kí káàdì tó ní oríṣiríṣi awọ tó jáde.

Lóde òní, àyípadà ti ń wọlé. Google gbé ètò Real Tone jáde ní 2021 nínú fóònù rẹ̀ kí awọ dúdú lè hàn bó ṣe rí. Ní 2022, ilé iṣẹ́ náà gbé òṣùwọ̀n awọ onípele 10 jáde, èyí tí Ellis Monk tó jẹ́ onímọ̀ àwùjọ ní Harvard ṣe. Àmọ́ ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ṣì ń fi ìwọ̀n kan náà wọn ìmọ́lẹ̀ gbogbo. Ó ń wá àárín, ibi tí kò dúdú tí kò funfun. Bí baba tó wọ agbádá funfun bá jókòó síwájú rẹ̀, agbádá náà á tan kámẹ́rà, á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì mú ohun gbogbo ṣókùnkùn. Ojú baba á di dúdú tí kò ní ìrísí.

Kí wá ni àtúnṣe tó tọ́? Ibi òkùnkùn àti ibi àárín nìkan ni kí a gbé sókè díẹ̀díẹ̀, kí a fi ibi tí iwájú orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ń dán sílẹ̀ bó ṣe wà. Dídán yẹn ni ẹwà awọ dúdú. Bí ẹ bá fa ìmọ́lẹ̀ gbogbo fọ́tò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, agbádá á jó, awọ á sì di eérú. Ó tún sàn kí a tún un ṣe nígbà yíyà: kí ayàwòrán fi ìka tẹ ojú baba lórí fóònù kí ó lè wọn ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀, tàbí kí ó fi páálí funfun ta ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà sójú rẹ̀.

Àwọn fílítà tó ń sọ ojú di pupa ńkọ́? Mo bẹ àwọn ẹgbẹ́ wa nínú iṣẹ́ yìí, ẹ fi í sílẹ̀. Oníbàárà lè béèrè fún un, òótọ́ ni. Kó tó béèrè, ẹ kọ́kọ́ fi fọ́tò tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tọ́ hàn án ná. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ní kí wọ́n fọ ojú òun funfun, ohun tó ń sá fún ni òkùnkùn tí ẹ̀rọ dà bò ó. Ọmọ tó ń bẹ nínú ilé yẹ kó lè wo fọ́tò baba rẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún, kó sì mọ àwọ̀ tí baba òun ní.

Ètò àwọ̀: ibo ni fọ́tò ń lọ?

Ètò mẹ́rin ni oníṣẹ́ ìlú wa gbọ́dọ̀ mọ̀. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ní dúdú àti funfun nìkan, tí kò sí nǹkankan láàrin. Fún ìbuwọ́lùwé àti òǹtẹ̀ ló dára. Ìkejì ni grayscale, tó ní ipele 256 láti dúdú dé funfun. Ìkẹta ni RGB, tó ń po ìmọ́lẹ̀ pupa, ewé àti búlúù pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ipele 256, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ 16,777,216. Kámẹ́rà, fóònù àti tẹlifíṣọ̀n, òun ni gbogbo wọn ń lò. Ìkẹrin ni CMYK, íńkì mẹ́rin tí ilé ìtẹ̀wé ń lò: cyan, magenta, yẹ́lò àti dúdú.

Ìyàtọ̀ RGB àti CMYK ló ń dá ìjà sílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń tàn. Íńkì ń gba ìmọ́lẹ̀ mọ́ra. Àwọ̀ kan wà tí ojú kọ̀ǹpútà lè tàn tí íńkì mẹ́rin kò lè pò láéláé. Búlúù tó mọ́ gan-an ni olórí wọn. Bí ẹ bá gbé e wá sí CMYK, cyan 100 àti magenta tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100 ló máa jáde, elése àlùkò sì ni àwọn méjèèjì ń bí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí gèlè inú kàlẹ́ńdà yẹn nìyẹn. Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ ní kí magenta fi nǹkan bí 30 rẹlẹ̀ sí cyan bí a bá fẹ́ kí búlúù ṣì jẹ́ búlúù.

Ẹ wo aṣọ òkè wa níbi ìgbéyàwó. Ẹtù jẹ́ búlúù aró tó jìn. Bí a bá mú fọ́tò ṣókùnkùn díẹ̀ péré, dúdú lásán ló máa jáde, ìlà funfun tín-ín-rín inú rẹ̀ nìkan ni yóò kù. Àlàárì pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Bí oníṣẹ́ bá fa àwọ̀ sókè kí fọ́tò lè dùn ún wò, pupa á kún dé 255, gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ ahunṣọ á parẹ́ sínú pupa kan ṣoṣo. Sányán ni gílóòbù máa ń tàn jẹ, á sọ ọ́ di yẹ́lò. Ẹbí tó san owó aṣọ òkè fún ìdílé méjì mọ ìyàtọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì tọ́ kí fọ́tò wọn mọ̀ ọ́n.

Ìgbà wo ni ká wá yí fọ́tò sí CMYK? Bí a bá ń lọ sí ilé ìfọfọ́tò, RGB ni ká fi sílẹ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọn fi ń ya àwòrán sórí bébà. sRGB, ètò tí HP àti Microsoft gbé kalẹ̀ ní 1996, ni kó jẹ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré orí tábìlì, irú Epson L805 oníńkì mẹ́fà tó wọ́pọ̀ fún pásípọ́ọ̀tì, RGB náà ló ń retí, òun fúnra rẹ̀ á yí i padà. Kàlẹ́ńdà tàbí ìwé ètò ìsìnkú tó ń lọ sí ilé ìtẹ̀wé ńlá ní Mókọ́lá n'Ìbàdàn tàbí ní Ṣómólú l'Ékòó, CMYK ni. Fọ́tò ni kí a kọ́kọ́ tún ṣe tán nínú RGB, kí a yí i padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí a má sì dá a padà mọ́, nítorí àwọ̀ tó bá sọnù lójú ọ̀nà kì í padà wá. Orúkọ àti ọ̀rọ̀ kéékèèké inú ìwé ètò, dúdú nìkan ni ká fi tẹ̀ wọ́n. Bí íńkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pàdé lórí lẹ́tà kékeré, tí bébà sì yẹ̀ díẹ̀, lẹ́tà náà á ní òjìji aláwọ̀ mèremère.

Fọ́tò àtijọ́ àti ilà ojú

Nínú àpótí ilé púpọ̀ ní Fìdítì àti Ìlọra ni fọ́tò àwọn òbí àgbà wà, tí omi òjò ti kàn, tí etí rẹ̀ ti ká. Kíkó wọn sínú kọ̀ǹpútà jẹ́ iṣẹ́ tó yẹ kó jẹ oníṣẹ́ lógún báyìí, nítorí pé bébà kò ní dúró dè wá. Fọ́tò 4 sí 6, ẹ fi 600 sí íńṣì kan ṣe é, á fún yín ní 2400 sí 3600. Pásípọ́ọ̀tì kékeré tó jẹ́ mílímítà 35 sí 45, ẹ gbé e dé 1200, píksẹ́lì rẹ̀ á tó bíi 1650 sí 2120.

Ọgbọ́n kan wà tí ètò àwọ̀ bá wa ṣe níbí. Bí fọ́tò náà tilẹ̀ jẹ́ dúdú àti funfun, RGB ni kí ẹ fi kó o wọlé. Àbàwọ́n omi àti ti ọjọ́ ogbó sábà máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tàbí kó jẹ́ yẹ́lò, inú apá búlúù RGB ló sì ti máa ń ṣókùnkùn jù. Bí ẹ bá ṣí apá pupa nìkan wò, púpọ̀ nínú àbàwọ́n náà á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ẹ mú pupa yẹn, ẹ sọ ọ́ di grayscale, iṣẹ́ wákàtí mélòó kan ti tán ní ìṣẹ́jú kan.

Ìbẹ̀rù mi wà lórí àwọn ètò tuntun tó ń lo ọpọlọ ẹ̀rọ láti tún ojú ṣe. Fílítà tó ń dán ojú kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ìhunjọ ojú àti ilà àbàjà. Ìlà tín-ín-rín ni ó ń wá, á sì pa á rẹ́. Pélé, gọ̀mbọ́, kẹ́kẹ́: gbogbo rẹ̀ ni ó lè nù kúrò kí oníṣẹ́ tó mí. Bí fọ́tò bá ṣú jù, ẹ̀rọ náà á hùmọ̀ ojú, imú àti eyín tó dára, tí kì í ṣe ti ẹni tó ni fọ́tò. Ìyá tó kọ àbàjà ní Ọ̀yọ́ ní ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn wá di obìnrin kan tí a kò mọ̀ rí. Ẹbí tó ṣe fọ́tò ìbejì lọ́jọ́sí ní Ìlá mọ ohun tí wọ́n ní kí ayàwòrán ṣe. Èyí tí ẹ̀rọ ń ṣe yìí, ta ló fọwọ́ sí i?

Fọ́tò ìwé ìjọba náà kò gba àwàdà. Amẹ́ríkà ní kí fọ́tò físà jẹ́ 2 sí 2 íńṣì, kí fáìlì rẹ̀ wà láàrin 600 sí 600 àti 1200 sí 1200, kí ó má kọjá kílóbáìtì 240, wọn kò sì gbà kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà yí ìrísí ènìyàn padà. Bí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ bá bàjẹ́, títún un yà ni àtúnṣe rẹ̀.

Irinṣẹ́ àti ẹ̀kọ́

Owó kọ́ ló yẹ kó dí wa lọ́wọ́. Snapseed wà lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́, GIMP wà lórí kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́, púpọ̀ nínú àtúnṣe tí mo kà sókè ni wọ́n lè ṣe, yàtọ̀ sí ìmúrasílẹ̀ CMYK tó péye. CorelDRAW tí púpọ̀ nínú wa gbójú lé dára fún títo bánà àti kàlẹ́ńdà. Fọ́tò ti gbọ́dọ̀ dára kó tó wọ ibẹ̀.

Ohun tó kù ni ẹ̀kọ́. Ọmọ iṣẹ́ máa ń wo ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ ni, ó ń mọ bọ́tìnnì, kì í sì í mọ ìdí. Ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán tó ń fún ọmọ iṣẹ́ ní fírídọ̀ọ̀mù lè fi ìbéèrè mẹ́ta síwájú rẹ̀ kí ó tó gba ìwé: píksẹ́lì mélòó ni fọ́tò yìí ní, ibo ni ó ń lọ, kí ni o sì ṣe sí awọ ojú tó wà nínú rẹ̀? Ẹni tó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti di oníṣẹ́.

Ìdájọ́ tèmi nìyí. Àtúnṣe tó dára ni èyí tí ẹni tó ni ojú máa wò, tí á ní òun nìyí. Àwọn ayàwòrán Afijió ní ẹ̀rọ tó lè ṣe é, wọ́n sì ní ojú tó mọ ẹtù yàtọ̀ sí dúdú. Ẹ̀yin oníbàárà náà ní ipa tiyín. Bí ẹ bá fẹ́ gbé fọ́tò ìyá yín fún ẹni tó máa ṣe bánà, ẹ fi fáìlì ìpìlẹ̀ ránṣẹ́ bíi Document, ẹ fún un ní ọjọ́ tó tó, kí ẹ sì sọ fún un kedere pé kó má fọwọ́ kan ilà ojú wọn.